Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Fi Kan Atọ́nà

Ẹ̀rọ náà kú lójú ìgbìmọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ mìíràn ni ó yàn, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn àgbààgbà tí ń darí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Ọ̀yọ́ wá wo ohun tí wọ́n fi owó ìlú rà ni ó yàn. Wọ́n ti bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fi ìbọ̀sẹ̀ rìn wọlé lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa, wọ́n sì dúró yí tábìlì ká bí ẹni tí ó wá kí ìyá ìkókó. Olúyẹ́misí jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ró ṣánṣán. Ó tẹ bọ́tìnnì kan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í han, ó ń lọ, ó ń bọ̀ lórí ìwé, ó ń tẹ èsì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde. Àwọn àgbààgbà mi orí. Kò pẹ́ tí ariwo náà fi dá wáí. Ojú kọ̀ǹpútà dì pa, ohun tí ó wà níbẹ̀ kò lọ, kò bọ̀, kò sì sí bọ́tìnnì tí Olúyẹ́misí tẹ̀ tí ó dáhùn.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà bèèrè bóyá NẸ́PÀ ni ó mú iná lọ. Gílóòbù ń tàn lókè orí wọn, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́. Ọ̀gá Àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, Alàgbà Oyèkànmí, fi ẹ̀rín bo ìtìjú.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá wa," ó ní. "Ẹ̀rọ yìí ń tijú àlejò ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olúyẹ́misí kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn, ó sì mọ̀ pé gbogbo iṣẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ náà ti ṣòfò.

Kì í ṣe obìnrin tí ojú ń tètè tì. Ọmọ bíbí ìlú Ọ̀yọ́ ni. Ìmọ̀ ìṣirò ni ó kà ní yunifásítì, ní kíláàsì tí àwọn ọkùnrin pọ̀ sí jù, èsì tí ó sì mú jáde ga ju ti ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Kì í yára rìn, kì í yára sọ̀rọ̀. Láti yunifásítì ni wọ́n ti ń pè é ní Olorì, orúkọ náà sì tẹ̀ lé e délé. Bí ó bá ń kọjá lọ́gbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa kìlọ̀ fún ara wọn pé Olorì ń bọ̀. Ó mọ̀, kò sì dùn ún. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ra kọ̀ǹpútà, kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ̀ bí a ṣe ń lò ó, ni wọ́n bá fi yàrá rẹ̀ sábẹ́ àkóso rẹ̀.

Ibi kan náà kọ́ ni kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti wá. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn ni ó ta kọ̀ǹpútà fún wọn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní tirẹ̀, àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lókè òkun ni ó fi í ta wọ́n lọ́rẹ. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ, wótòwótò ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn ará Ìbàdàn ní kí kọ́lẹ́ẹ̀jì yáa ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tiwọn. Olúyẹ́misí ní kí wọ́n fún òun láyè. Ní gbogbo àsìkò òjò ọdún náà, nígbà tí àwọn olùkọ́ yòókù ti lọ sílé, ó jókòó ti ẹ̀rọ náà, ó ń kọ, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń kọ ọ́, títí ó fi kọ ètò kékeré kan tí yóò máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu kọ̀ǹpútà, tí yóò máa túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó pè é ní Atọ́nà. Ohun gbogbo tí ó wà nínú yàrá náà, wọ́n rà á ni tàbí wọ́n fi í ta wọ́n lọ́rẹ. Atọ́nà nìkan ni a bí síbẹ̀. Olúyẹ́misí kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í han, a máa dákẹ́ díẹ̀ láti gbọ́ ọ, bí ìyá ti ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ẹlòmíràn.

Kápẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, Ìyáàfin Dorcas, aya Ọ̀gá Àgbà, ni ó mú un wá. Òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀, obìnrin tí kì í háwọ́, tí ó sì ní ojú àánú. Ó ní kò bójú mu kí ohun tí ó níyì báyìí wà lórí sìmẹ́ǹtì lásán. Ó wá kápẹ́ẹ̀tì lọ, ó mú pupa kan dé tí ó nípọn tó ìka ọwọ́, okùn ọ̀rá ni wọ́n fi hun ún, ó sì ń dán. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Àgbà ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi bàtà tẹ yàrá kọ̀ǹpútà. Òfin náà tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Ibi tí a bá bọlá fún ni a ń bọ́ bàtà wọ̀. Ó tẹ́ Olúyẹ́misí lọ́rùn ju gbogbo wọn lọ. Kò sí ohun tí ó dùn mọ́ ọn bí kí ó rí àwọn ọkùnrin ńláńlá tí ń tẹ̀ ba láti tú okùn bàtà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí ètè gbogbo ènìyàn ń là, ẹni tí ó bá rin orí kápẹ́ẹ̀tì náà kọjá, tí ó sì fọwọ́ kan irin tábìlì tàbí àpótí kọ̀ǹpútà, nǹkan kan a ta á lọ́wọ́ pàrà bí ìgbà tí agbọ́n bá ta ni. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Mashood, tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́, ní ẹ̀rọ náà ń kí òun ni, òun kàn ò mọ bí òun yóò ṣe dá a lóhùn. Inú ọyẹ́ yẹn náà ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dákú.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ tí ó ta ẹ̀rọ náà sì rán ẹnjiníà rẹ̀ wá, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Saifudeen, ẹni tí aṣọ rẹ̀ mọ́, tí ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó jókòó, ó tan ẹ̀rọ, ó wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì bèèrè ẹni tí ó kọ èyí tí wọ́n ń pè ní Atọ́nà. Olúyẹ́misí ní òun ni.

"Ẹ̀yin fúnra yín?" Saifudeen yíjú sí Ọ̀gá Àgbà. "Sà, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Aláìsàn ń gba ìtọ́jú ní ọsibítù, ẹnìkan wá gbé àgbo tó sè nílé fún un mu. Tó bá dákú, ṣé dókítà lẹ máa mú?"

"Ẹ ò tíì ṣí àpótí rẹ̀ wò," ni Olúyẹ́misí wí.

"Kí ni n óò ṣí wò, mà? Mo ti rí àgbo."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀gá Àgbà létí. Àdéhùn tí ó wà láàárín wọn àti ilé-iṣẹ́ náà ni pé bí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ bá bàjẹ́ fúnra rẹ̀, ilé-iṣẹ́ yóò pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́; ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ohun àjèjì tí àwọn tó rà á fi sínú rẹ̀ ni ó pa á, ọrùn wọn ni ó wà. Saifudeen kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un bí òun ṣe máa sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Àgbà pe Olúyẹ́misí, ó sì sọ fún un pé ìgbìmọ̀ yóò tún jókòó láìpẹ́, ẹnjiníà yóò wà níbẹ̀. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti Atọ́nà, wọn yóò yọ ọ́ kúrò, wọn yóò sì fi yàrá náà lé Ọ̀gbẹ́ni Mashood lọ́wọ́, nítorí pé Mashood kò ní fi nǹkan kan kún ohun tí òyìnbó ti ṣe pé. Ó ní kì í ṣe ìjà. Ohùn tí ó fi sọ ọ́ tutù pẹ̀lẹ́, òtútù náà gan-an ni ó sì dun Olúyẹ́misí.

Òfin kan wà tí ó máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ohun kan ṣoṣo ni kí o yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá da iyọ̀ àti káún sínú ọbẹ̀ papọ̀, tí ọbẹ̀ bá bàjẹ́, kò lè mọ èyí tí ó bà á jẹ́. Òfin yìí ni ó tẹ̀ lé. Ó kọ́kọ́ yọ Atọ́nà kúrò, kò sì fọwọ́ kan ohun mìíràn. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ẹnjiníà ni ó jàre, àfi bí ó ṣe di ọ̀sán ọjọ́ kan, tí ó kó iṣẹ́ púpọ̀ lé e lórí, tí ó sì tún dì pa. Atọ́nà kò sí nílé nígbà tí olè wá. Olúyẹ́misí jókòó níbẹ̀, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà tí ó kú náà, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá dá ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá.

Bí kì í bá ṣe Atọ́nà, mẹ́mọ̀rì ni yóò jẹ́, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ohun tí ó ń rò lọ́wọ́ sí. Ó ṣí àpótí náà. Wọ́n tò síbẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, nǹkan dúdú péépèèpé tí ẹsẹ̀ fàdákà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n dà bí ọ̀kùn tí a gé kúrú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀ títí yóò fi débẹ̀. Bí àjà ilé tí pákó kan ti jẹrà ni, ẹni tí kò bá tẹ ibẹ̀ kò ní já. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í yára, Atọ́nà sì ní láti gbé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ dání dè é. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ ni ó ń rìn káàkiri àjà, òun náà ni ó sì ń já jù. Ìdí nìyí tí gbogbo ayé fi ń rí i lórí òkú.

Ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mímọ̀ kò tó. Kò sí bí ó ṣe lè fi han ẹnikẹ́ni àfi kí ó rí ẹ̀rọ mìíràn tí ó jẹ́ ìkejì rẹ̀ gan-an. Ọ̀kan wà. Ilé-iṣẹ́ Ìbàdàn náà ti ta irú rẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí ó sì ń ṣe àkóso rẹ̀ ni Marufat. Nígbà tí Olúyẹ́misí rántí orúkọ yìí, ó pa àpótí náà dé, kò sì ṣe ohunkóhun mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Òun àti Marufat jọ wọ yunifásítì ni. Yàrá kan náà ni wọ́n jọ gbé, ìkòkò kan náà ni wọ́n jọ fi ń dáná. Nígbà tí Marufat fìdí rẹmi, tí ó ní láti tún ọdún kan kà, Olúyẹ́misí kó lọ sí yàrá mìíràn. Kò bá a jà. Ó kàn dẹ́kun kíkọ́kọ́ kí i.

Ní ọjọ́ Sátidé ó yọ gbogbo mẹ́mọ̀rì inú ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi bébà fàdákà tí a fi ń wé oúnjẹ dì wọ́n sínú àpótí kékeré, ó wọ mọ́tò ní gáréèjì Owódé, ó sì gbé e lé itan. Eruku ọyẹ́ bo igbó lọ́tùn-ún lósì. Ojú ọ̀nà kò ju ìwọ̀n ibi tí awakọ̀ lè rí. Ó sọ̀ ní Takie, ó bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ń ta táyà, ó sì rìn wọ ẹ̀yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù títí ó fi rí pátákó ilé ẹ̀kọ́ náà.

Marufat wà níbẹ̀, ó so ìborùn mọ́rùn, ó ń fi omi nu ilẹ̀ yàrá kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ó dìde, ó wo Olúyẹ́misí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Olorì," ó ní. "Ta ló kú?"

"Kọ̀ǹpútà mi ni."

"Ẹ kú àjálù o." Marufat rẹ́rìn-ín, ó sì fà á ní àga. "Jókòó. Mo mọ̀ pé òkú èèyàn lásán ò lè gbé ọ dé Ògbómọ̀ṣọ́."

Olúyẹ́misí ro ẹjọ́ rẹ̀. Ó rò ó díẹ̀díẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́, àní ó sọ ọ̀rọ̀ àgbo tí Saifudeen sọ. Marufat fi ọwọ́ lẹ́rán, ó ń gbọ́ ọ. Nígbà tí ó parí, Marufat kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ.

"Ọdún tí mo tún kíláàsì kà," ó ní, "o kọjá lára mi níwájú láíbìrì bíi pé igi ni mí."

"Mo rántí."

"Mo mọ̀ pé o rántí. Ìwọ kì í gbàgbé nǹkan." Ó dìde, ó sì mú irin tí wọ́n fi ń tú àpótí ẹ̀rọ. "Èwo la ó kọ́kọ́ ṣe?"

Wọ́n kọ́kọ́ fi Atọ́nà sínú ẹ̀rọ Marufat, wọn kò sì fọwọ́ kan mẹ́mọ̀rì rẹ̀. Wọ́n kó iṣẹ́ lé e títí tí ẹ̀rọ náà fi gbóná. Kò dákú. Wọ́n jẹun, wọ́n bọ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Marufat kí ìrun rẹ̀, ó tún bọ̀ bá a lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n wá yọ Atọ́nà kúrò, wọ́n yọ mẹ́mọ̀rì Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì fi ti Ọ̀yọ́ rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ kò tíì wọ̀ ọ́ lára tí ojú ẹ̀rọ fi dì pa. Wọ́n tún un tàn, ó tún kú.

"Ó tó," Marufat wí. "Kó wọn jáde kí wọ́n tó lọ kó àrùn ran tèmi."

Nígbà tí wọ́n dá ti Marufat padà, ẹ̀rọ náà ṣe bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ẹjọ́ ti parí. Atọ́nà kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Olúyẹ́misí na ọwọ́ láti gbé ìdérí àpótí náà, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń sún mọ́ irin, ara rẹ̀ ti ń dúró de kí ó ta òun. Kò ta á. Ó tún fọwọ́ kàn án. Ó bi Marufat léèrè bóyá iná ẹ̀rọ tirẹ̀ kì í ta á lọ́wọ́.

"Iná wo?" Marufat bèèrè. "Iná ò jò níbí o."

Olúyẹ́misí wo ilẹ̀. Sìmẹ́ǹtì lásán ni, omi tí wọ́n fi nù ún kò tíì gbẹ tán lábẹ́ tábìlì. Ó wo ẹsẹ̀ Marufat, ó wo tirẹ̀. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ àwọn méjèèjì. Ohun tí ó ti kọ́ ní yunifásítì, tí ó kọ ìdánwò lé lórí, tí ó sì gba máàkì rẹ̀ pé, wá padà wá bá a: pé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, bí ìbọ̀sẹ̀ bá ń ha ara kápẹ́ẹ̀tì ọ̀rá, iná kan a máa wọ inú ara ènìyàn, ara kò sì ní mọ̀ títí ọwọ́ yóò fi kan irin, iná tí ó ta ọmọ aráyé lásán, ó tó láti pa mẹ́mọ̀rì. Ní gbogbo ọyẹ́ yìí, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí òun kì í ṣí àpótí náà láti nu eruku kúrò lára àwọn ọ̀kùn dúdú wọ̀nyẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Ọwọ́ ìtọ́jú ni òun fi ń pa wọ́n.

Ó jókòó. Nígbà tí ó sọ ọ́ fún Marufat, Marufat fi ọwọ́ bo ẹnu, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Olúyẹ́misí wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun dé Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ ìpàdé, kí ó kàn sọ ohun tí ó fojú rí.

"Rárá," ni Marufat wí.

"Òtítọ́ ni o, Marufat."

"Mo mọ̀ pé òtítọ́ ni. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Saifudeen yìí náà ló ń wá wo ẹ̀rọ mi. Tí mo bá jẹ́rìí ta kò ó ní Ọ̀yọ́, ọjọ́ tí tèmi bá kú, ta ni n óò pè? Mo ti bá ọ ṣe é. Má ní kí n bá ọ sọ ọ́."

"Ìwọ nìkan lo rí i."

"Tó bá jẹ́ pé èmi ló wá bá ọ," Marufat bèèrè, ohùn rẹ̀ kò sì le rárá, "ṣé wàá dìde?"

Olúyẹ́misí kó àpótí kékeré rẹ̀ nílẹ̀. Marufat sìn ín dé Takie, ó bá a dúró títí mọ́tò Ọ̀yọ́ fi kún, ó sì kí i pé ó dàbọ̀.

Ní ọjọ́ ìpàdé, yàrá kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n jókòó sí kí gbogbo ènìyàn lè fojú rí ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn àgbààgbà pé, Ìyáàfin Dorcas wà láàárín wọn, Ọ̀gbẹ́ni Mashood dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Saifudeen sì gbé báàgì iṣẹ́ rẹ̀ dání. Olúyẹ́misí dìde, ó sọ ohun tí ó dán wò ní Ọ̀yọ́ àti ohun tí ó dán wò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa títí ó fi kan kápẹ́ẹ̀tì. Ó gbìyànjú láti sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Ó ní òun náà wà nínú ẹ̀bi yìí, àti pé bí wọ́n bá ká a kúrò, tí wọ́n sì pààrọ̀ mẹ́mọ̀rì, ìyọnu yóò tán.

"Kápẹ́ẹ̀tì tèmi ni ó ń pa á?" Ìyáàfin Dorcas bèèrè jẹ́jẹ́.

"Kò sí ẹni tí ó mọ̀, mà. Èmi náà kò mọ̀."

"Mo ti gbọ́." Ìyáàfin Dorcas tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì wojú fèrèsé. Ọ̀gá Àgbà ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Saifudeen ni ó tú wọn sílẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá," ó ní, "ẹja òjìjí ni mo mọ̀ pé ó ń ta èèyàn. Èyí tó jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló ń ta ni, mi ò tíì bá a pàdé." Ẹ̀rín sọ, ó sì dùn mọ́ gbogbo wọn pé wọ́n rí nǹkan rẹ́rìn-ín sí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi iṣẹ́ hàn wọ́n dípò ẹnu. Ó ṣí àpótí náà, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó tẹ̀ ba lé e lórí fún ìgbà díẹ̀. Láti ibi tí Olúyẹ́misí dúró sí, ó rí ọwọ́ rẹ̀: ó ń fa àwọn ọ̀kùn dúdú náà yọ, ó ń kó wọn sínú báàgì, ó ń mú òmíràn jáde, ó ń tẹ̀ ẹ́ bọlẹ̀.

"Ẹnjiníà," Olúyẹ́misí ní, "kí lẹ ń kó sínú báàgì yẹn?"

"Eruku ni mò ń gbọ̀n, mà."

Ó pa àpótí dé. Ó tan ẹ̀rọ. Ó wá pe gbogbo wọn kí wọ́n súnmọ́ tòsí, ó fi ìka hàn wọ́n ibi tí orúkọ Atọ́nà wà lójú kọ̀ǹpútà, ó sì pa á rẹ́ lójú wọn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun wọlé láti inú ọkọ̀ rẹ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń tà. Ó ní kí ó máa tẹ̀. Ó ń tẹ̀, ó ń tẹ̀, kò dúró. Àwọn àgbààgbà pàtẹ́wọ́.

Olúyẹ́misí dúró títí ariwo náà fi rọlẹ̀. Ó wá sọ fún wọn, láìgbé ohùn sókè, pé ohun méjì ni ọkùnrin yìí yí padà lẹ́ẹ̀kan náà: ó pààrọ̀ mẹ́mọ̀rì ní bòókẹ́lẹ́, ó sì pa Atọ́nà rẹ́ ní gbangba. Kò sí ẹni tí ó lè sọ èwo nínú méjèèjì ni ó wo ẹ̀rọ náà sàn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dá Atọ́nà padà sínú rẹ̀, lójú wọn, nísinsìnyí. Bí ẹ̀rọ bá kú, kí wọ́n lé òun. Ó tilẹ̀ fún wọn ní àpẹẹrẹ iyọ̀ àti káún nínú ọbẹ̀.

Bàbá tí ó dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀ náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ẹ̀rín bàbá sí ọmọ.

"Ọmọ mi," ó ní, "ọbẹ̀ ti wá dùn. Kí la tún ń wá nínú ìkòkò?"

Wọ́n dìde. Lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ti ń wọ bàtà, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ oko àti ti ẹni tí yóò jẹ baálẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Àgbà ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fúnra rẹ̀ gbé àga fún un. Ó gbà pé kò sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà bí Olúyẹ́misí. Ó ní Mashood yóò kàn máa sapá ni, gbogbo wọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó ní Ìyáàfin kò sùn lánàá.

"Nǹkan kékeré ni mo ń bẹ̀ ọ́ sí," ó wí. "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí àwọn olùkọ́ bá pé, dìde, kí o sọ pé o ti yẹ̀ ẹ́ wò, pé ètò tí o kọ ni ó ń fa ìyọnu náà. Má dárúkọ kápẹ́ẹ̀tì. Yàrá yóò padà sọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, Olúyẹ́misí."

"Sà, ṣé ẹ gbà pé òun ló fà á?"

Ọ̀gá Àgbà fa àpótí tábìlì rẹ̀ síta díẹ̀, ó tún tì í padà. "Bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn," ó ní. "Mo ti gbé pẹ̀lú obìnrin yẹn fún ọgbọ̀n ọdún."

Olúyẹ́misí ro yàrá náà. Ó ro àga rẹ̀, àti òtútù yàrá náà lọ́sàn-án, àti bí yóò ti rọrùn tó láti jókòó síbẹ̀ padà, kí ó máa kọ nǹkan mìíràn, nǹkan tuntun. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní rántí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn Àjíǹde. Òun nìkan ni yóò máa rántí.

"Èmi ni mo bí i, sà," ó ní. "N kò lè fi ẹnu ara mi pè é ní olè nígbà tí mo mọ ẹni tó jalè."

"Ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́ léèrè."

"Mo mọ̀, sà."

Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, ó sì jáde. Ọ̀gbẹ́ni Mashood gba yàrá. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, afẹ́fẹ́ tutù, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ jálẹ̀ àsìkò òjò láìsí ìyọnu, gbogbo ènìyàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì sì mọ̀ dájú pé Atọ́nà ni ó fẹ́ pa á tẹ́lẹ̀. Àwọn olùkọ́ tuntun pàápàá mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń fi í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n ṣọ́ra fún ohun tí ènìyàn bá jókòó sílé ṣe. Olúyẹ́misí padà sí kíláàsì ìṣirò rẹ̀. Nígbà mìíràn tí ó bá ń kọjá lẹ́yìn yàrá náà, a gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun tí ó ń han, kì í sì í dúró gbọ́ ọ.

Ní ọyẹ́ tí ó tẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dì pa. Wọ́n ní dísìkì tí akẹ́kọ̀ọ́ kan mú wá láti ìta ni, wọ́n sì lé akẹ́kọ̀ọ́ náà kúrò nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ó tún dì pa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Mashood dá Olúyẹ́misí dúró lábẹ́ igi gmẹ̀línà. Ó kí i, ó yẹ ọ̀tún wò, ó yẹ òsì wò, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú, kí ó sọ ohun tí ó rò pé ó ń ṣe ẹ̀rọ náà.

Ó sọ fún un. Ó sọ ọ́ ní kíkún, kò gé e kúrú, bí ẹni tí ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rere: kápẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀sẹ̀, ọyẹ́, irin, mẹ́mọ̀rì. Mashood gbọ́ ọ dópin. Ìmọ̀ ojú ọjọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó yé e ju bí ó ti ṣe yé gbogbo ìgbìmọ̀ lọ, Olúyẹ́misí sì rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e.

"Ó jọ òótọ́, mà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ bá Màmá sọ ọ́?"

Olúyẹ́misí wò ó. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń bẹ̀rù kí yàrá má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

"Ẹ pe Saifudeen," ó wí fún un. "Ó mọ ohun tí yóò ṣe."

Ó gbé ìwé rẹ̀ sápá, ó sì lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń dúró dè é.